Táyà Tí Hùmúàní Tà fún Àbúrò Rẹ̀

Hùmúàní bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kétu, ó ń fi ọṣẹ fọ rímù kan, nígbà tí ọkọ̀ ńlá kan wá dúró síwájú rẹ̀. Ó gbójú sókè. Hilux funfun ni, ara rẹ̀ ń dán bí abọ́ tánganran. Labeebah ló jókòó nídìí ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Aunty mi! Ẹ dìde, ẹ wá wo nǹkan!"

Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, ìyá ni kò pa wọ́n pọ̀. Ìyá Hùmúàní ni ìyálé, ìyá Labeebah ni ìyàwó. Ọdún mọ́kànlá ni Hùmúàní fi dàgbà jù ú lọ. Nígbà tí Labeebah ṣì ń wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun lọ sí nọ́sìrì, Hùmúàní ti ń bá bàbá wọn, Alhaji Ṣàràfá, yí táyà nínú oòrùn ní ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tú táyà kúrò lára rímù kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń wé gèlè. Nígbà tí ojú Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un. Lọ́dún yẹn náà ló ta ilẹ̀ kan tó ní l'Ágbòyí, ó ní kí Labeebah fi bẹ̀rẹ̀ òwò tòmátì ní Mile 12. Ọdún mẹ́fà rèé. Labeebah ti di ẹni tí àwọn onílọ́rì ń pè lórí fóònù kí wọ́n tó dé Ìbàfò.

"O ra ọkọ̀," ni Hùmúàní wí.

"Ọlọ́run ló ṣe é, Aunty mi. Àná ni mo gbà á. Daddy gan-an ò tíì rí i. Mo ní kí ẹ kọ́kọ́ bá mi wọ̀ ọ́ ní bàtà ná. Ẹ wo rímù tó gbé wá láti ìlú òyìnbó, ó ti ya lẹ́nu. Táyà ẹ̀ sì ti pá."

Hùmúàní rìn yí ọkọ̀ náà ká. "Ọkọ̀ á tura o. Á ṣe é lò fún ẹ," ni ẹnu rẹ̀ ń sọ, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ń ta á bí ìgbà tí ata kán sí ojú egbò. Ó ti wọ táyà fún ọkọ̀ tí kò níye láyé rẹ̀, òun alára kò ní kẹ̀kẹ́ ológeere kan. Máruwá ló ń wọ̀ lọ, òun ló ń wọ̀ bọ̀.

"Irú èwo lo fẹ́?"

Labeebah nawọ́ sí àwọn rímù dúdú ńláńlá tó so kọ́ ara ògiri. "Àwọn yẹn! Mo rí irú ẹ̀ lára ọkọ̀ kan ní Ògùdù GRA. Aunty mi, mo dúró wò ó bí ẹni wo ìyàwó."

Hùmúàní mọ̀ pé kò dáa. Táyà tó bá rímù gíga bẹ́ẹ̀ mu kì í nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá já sí kòtò, irin ni yóò gba gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ tí yóò máa ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì, rímù tó kéré díẹ̀ ló yẹ ẹ́, àti táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ki. Ká ní àjèjì ni, ì bá fún un ní àga, ì bá ṣàlàyé fún un títí yóò fi yé e. Ó tilẹ̀ ti la ẹnu. Fóònù Labeebah dún.

"Hẹ́lò? Mi ò sí lọ́jà o," ni Labeebah ń sọ fún ẹni tó pè é. "Mo wà lọ́dọ̀ aunty mi kan tó ń ta táyà ní Kétu."

Aunty mi kan, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Hùmúàní pa ẹnu rẹ̀ dé.

Nígbà tí Labeebah sọ̀rọ̀ tán, ó yí padà. "Ẹ̀n-ẹ́n, kí lẹ fẹ́ sọ?"

"Mo ní ó máa bá a mu."

Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ láti mú táyà tó bá rímù náà mu. Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Èkejì ni tòkunbọ̀ mẹ́rin tó ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ìgbà pípẹ́. Táyà máa ń ní ọjọ́ ìbí tirẹ̀: nọ́ńbà mẹ́rin ni wọ́n máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, méjì àkọ́kọ́ fún ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn fún ọdún. 0914 ló wà lára àwọn tòkunbọ̀ yìí. Rọ́bà tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lè máa dán lójú, kó sì ti gbẹ nínú bí ewé kókò inú ọ̀gbẹlẹ̀; bó bá gbóná lójú títì, ó lè bẹ́ lójijì. Bí Hùmúàní bá sọ pé òun kò mọ ohun tí òun ń ṣe, irọ́ ni. Ó fi òróró dúdú pa wọ́n títí wọ́n fi ń kọ mọ̀nà, ó sì yí wọn jáde.

Òun fúnra rẹ̀ ló fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà, òun ló dè é. Labeebah ń fi fóònù ya gbogbo rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú gíríìsì tó wà láṣọ rẹ̀.

"Lọ́jọ́ Sátidé, òun ni mo máa fi gbé Daddy lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí wọ́n lọ wo àbúrò wọn tí ara ẹ̀ ò yá. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Hùmúàní rí Bàbá lójú inú, ó rí i níwájú ọkọ̀ náà pẹ̀lú fìlà funfun, ó ń juwọ́ sí àwọn aládùúgbò. Owú ohun tó rí yìí gan-an ni kò jẹ́ kó lè sọ ohun tó yẹ kó sọ.

"Labeebah."

"Aunty mi?"

"Máa rọra wà á o."

Ọjọ́rú ni èyí ṣẹlẹ̀. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Alhaji Ṣàràfá pè é lórí fóònù pé kó máa bọ̀ nílé ní Ìkòsí. Nígbà tó débẹ̀, ó bá Hilux náà nínú ọgbà. Bàbá sì jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Hùmúàní kúnlẹ̀.

"Àbúrò rẹ gbé ọkọ̀ ẹ̀ wá hàn mí láàárọ̀," ni Bàbá wí. "Ojú mi ò ríran mọ́, mo bá fọwọ́ wò ó." Ó na àtàǹpàkò rẹ̀, ó ń fi ra ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú. "Òdo. Ẹẹ́sàn-án. Oókan. Ẹẹ́rin. Ṣé o ò kà á ni, àbí o kà á?"

Ilẹ̀ ni Hùmúàní ń wò. "Mo kà á, Bàbá."

"Mo ní kó fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún mi, pé àwọn àlejò mi fẹ́ rí i. Ó wọ máruwá lọ sọ́jà. Mo parọ́ fún ọmọ mi nítorí rẹ, Hùmúàní, pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun yìí."

Ohun tó ti wà nínú Hùmúàní láti ọdún mẹ́fà wá dà jáde. "Ẹ ta ilẹ̀ fún un, Bàbá! Èmi tí mo bá yín yí táyà títí èékánná mi fi dúdú, ẹ ò bi mí rí pé kí lèmi fẹ́. Ó lọ sílé-ìwé, ẹ ní kó máa lọ. Ó fẹ́ ṣòwò, ẹ ta ilẹ̀. Òní, ọkọ̀ ẹ̀ náà lẹ tún fẹ́ gùn."

Bàbá mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára táyà.

"Òótọ́ ni. Mi ò bi ọ́," ló wí. "Mo rò pé ẹni tí mo fún ní iṣẹ́ ọwọ́ mi ti yó, kò tún nílò nǹkan kan. Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́. Èmi ni kó o bá jà. Báwo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe kan Labeebah?"

Hùmúàní sunkún níbẹ̀ dáadáa, kò sì sí ẹni tó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, Bàbá ní, "Èmi ò ní sọ fún un o. Ẹnu rẹ ni yóò ti gbọ́."

Láti ibẹ̀, Mile 12 ló kọjá sí. Ó bá Labeebah láàárín apẹ̀rẹ̀ tòmátì, ó ń bá oníbàárà kan ná ọjà. Hùmúàní dúró títí oníbàárà náà fi lọ, ó wá sọ fún un: táyà náà ti gbó, òun sì mọ̀.

Labeebah kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀rín náà pòórá lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ mọ̀? Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń dè é, ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Mo sọ fún yín pé Daddy ni mo fẹ́ gbé!"

"O sọ fún mi."

"Kí ni mo fi ṣe yín, Aunty mi?"

Hùmúàní ti to ìdáhùn jọ láti Ìkòsí: ilẹ̀, ilé-ìwé, ìbọ̀sẹ̀ funfun. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò sí nínú wọn. "O sọ fún ẹni tó pè ẹ́ pé aunty mi kan."

Labeebah wò ó títí. Ó hàn gbangba pé kò rántí. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa tòmátì tó ti rà kúrò nínú apẹ̀rẹ̀. "Mò ń bọ̀ lọ́la," ló wí láìwẹ̀yìn. "Ẹ wá èyí tó dáa sílẹ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó rọra wa ọkọ̀ náà dé Kétu. Hùmúàní ti kó rímù mìíràn síta, àwọn tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, àti táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn, tó gba ẹrù. Láì kí i dáadáa, Labeebah jókòó sórí àga níwájú rẹ̀.

"Ibo ni wọ́n máa ń kọ ọdún ẹ̀ sí?"

Hùmúàní fi hàn án. Labeebah tẹjú mọ́ ọn, ó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ka ti sípíà náà. Gbogbo wọn ló jẹ́ ti ọdún yìí. Ìgbà yẹn ló tó gbà kí wọ́n dè é. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ya fídíò. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó ní "Ẹ ṣé," ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Hùmúàní dúró lẹ́bàá títì, ó ń wò ó lọ. Táyà tó ki yẹn tún bu ẹwà kún un. Ọkọ̀ náà dúró gbọn-in-gbọn-in bí àgbò ọdún iléyá. Owú tún jó o láyà. Ó yà á lẹ́nu, torí ó ti rò pé bí òun bá ti jẹ́wọ́ tán, ó máa lọ. Ó padà sínú ṣọ́ọ̀bù, ó mú ayùn, ó sì rẹ́ àwọn táyà àtijọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí méjì-méjì kí ẹnikẹ́ni má baà rà wọ́n mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, kò lè jẹun. Ó ń ta ọjà, etí rẹ̀ wà lára fóònù. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Àsárì kó tó dún.

"A ti dé Ìjẹ̀bú o," ni Labeebah wí. Ohùn rẹ̀ tutù, kò gbóná, kò sì bínú. "Ara àbúrò wọn ti ń yá. Daddy ló ní kí n pè yín."

"Ọlọ́run ṣeun. Ọ̀nà ńkọ́?"

"Ọ̀nà ò dáa. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn ò mira." Ó tún ní, "Ẹ jẹun o, Aunty mi. Ohùn yín ò lágbára."

Ó pa fóònù. Hùmúàní jókòó sórí táyà kan, ó sì rán ẹnì kan kó bá òun ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà wá.