Ọ̀kẹ́ Méjìdínlógún Ó Dín Kan

Búlọ́ọ̀kù ni mo ń mọ ní Ìdímù. N kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n oko ni wọ́n bí mi sí, lẹ́bàá Ìkàrẹ́, ọmọ oko kì í sì í ṣi ebè kà. Oǹkà tí bàbá mi kọ́ mi nídìí ebè ni mo kọ́ Mardiyah ọmọ mi.

Òun àti ọmọ kan tó ń jẹ́ Fẹ́kọ́mi ló kù nínú ìdíje ìṣirò tí wọ́n ṣe ní ilé-ìwé kan ní Ìgándò. Ẹni tó bá gba ìbéèrè tó kẹ́yìn ni yóò ṣojú Alímọ̀ṣọ́ níwájú gbogbo Èkó. Ọdún mẹ́ta lọmọ mi ti ń lé ipò yìí.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè tó ń béèrè ìbéèrè kọ 359,999 sójú pátákó. "Ṣé púráìmù ni, àbí kì í ṣe púráìmù?"

Púráìmù ni nọ́ńbà tí nǹkan kan kò lè pín dọ́gba, àfi ení àti òun fúnra rẹ̀. Fẹ́kọ́mi ní púráìmù ni. Mardiyah ní kì í ṣe púráìmù.

"Fẹ́kọ́mi ló gbà á," Ọláoyè wí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹgbẹ̀ta ó dín kan pín in," ọmọ mi wí. "Ọ̀nà ẹgbẹ̀ta ó lé kan ni."

"Oǹkà ilé yín lo gbé wá síbí?"

Mo dìde láàárín àwọn òbí. "Tíṣà, èmi ni mo kọ́ ọ. Ọ̀kẹ́ méjìdínlógún ó dín kan ni nọ́ńbà yẹn. Ọ̀kẹ́ méjìdínlógún sì rèé, ẹgbẹ̀ta lọ́nà ẹgbẹ̀ta ni. Ká ní mo to búlọ́ọ̀kù ní ẹgbẹ̀ta ìlà, ẹgbẹ̀ta nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan fọ́ nínú ìlà tó kẹ́yìn. Mo bá kó ìyókù ìlà náà, mo fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan kún ìdí àwọn ìlà tó kù. Ó kárí wọn gẹ́lẹ́. Ìlà wá di ẹgbẹ̀ta ó dín kan, ẹgbẹ̀ta ó lé kan ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Bàbá, ìṣirò là ń ṣe níbí, a ò mọlé."

Àwọn òbí kan rẹ́rìn-ín. Mo nawọ́ sí fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ fi fóònù yín ṣe é nígbà náà, jàre."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó wò ó. Ó tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ti fóònù bọ àpò.

"Èmi fúnra mi ni mo kọ ìwé ìdáhùn," ó wí. "Ohun tó wà níbẹ̀ la ó tẹ̀ lé."

Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Bó bá jẹ́ pé kò mọ̀ ni, ǹ bá fọwọ́ wọ́nú. Wọ́n ní ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Ọmọ mi wẹ ọwọ́ tirẹ̀ mọ́ tónítóní, àgbà bá gbé àwo sá lọ.

Mardiyah mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ 599 × 601 sábẹ́ nọ́ńbà náà.

"Nu ún kúrò," Ọláoyè wí.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ nù ún, sà."

Àtẹ́lẹwọ́ ló fi nù ún, níṣojú gbogbo wa. Ó kéde orúkọ Fẹ́kọ́mi, ó wá sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ náà sí mi, ó funfun báláú. "Bàbá Mardiyah, ẹ má bínú."

Mo ní mo ń bínú. N kò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.