Máàkì Mẹ́wàá fún Kessling

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí orúkọ wa dára ju ọjà wa lọ. Ohun tó ṣe ilé-iṣẹ́ Kessling gan-an nìyẹn, àwọn tó ń rọ ìbọn ìléwọ́. Wọ́n fi ọdún gbọọrọ wá orúkọ, nígbà tí wọ́n rí i tán, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jẹ ẹ̀bà àná. Àkísà ti lo ìgbà rí bí aṣọ, a kò jiyàn. Àkísà tó mọ̀ pé òun ti di àkísà kò sì burú, a ó fi nulẹ̀. Èyí tó ń ṣe fáàrí bíi sányán ló ń bí ni nínú.

Olúrótìmí kò mọ̀ pé Kessling ti gbó. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù oníwúrà kan ní Fordham, ní Bronx, ni ọkùnrin yìí ń ṣọ́, ìbọn ní ìbàdí, ìwé àṣẹ ìjọba lápò. Kì í ṣe mégáàdì ọwọ́ lásán o, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ létí rẹ̀. Kessling tó kọ́kọ́ rà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò já a kulẹ̀ rí. Nígbà kan tí irin kékeré inú rẹ̀ dẹ̀, ó pe ilé-iṣẹ́ náà, bàbá àgbàlagbà kan ló gbé fóònù. Bàbá náà ní kó fọkàn balẹ̀, kò sì pẹ́ tí irin tuntun fi dé lọ́fẹ̀ẹ́, tòun ti ìkíni. Láti ọjọ́ náà ni Olúrótìmí ti di ajíhìnrere Kessling. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Methodist wọn ní Tremont, bí àwọn ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀ mọ́tò lẹ́yìn ìsìn, ìbọn ni tirẹ̀.

Abdulazeez, tí wọ́n jọ ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù náà, ra ìbọn pọ́ọ́kú kan tí ahọ́n kò lè pe orúkọ rẹ̀ dáadáa. Olúrótìmí fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó ní ohun tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wúlò fún ni kéèyàn sọ ọ́ lu olè.

"Ẹ̀gbọ́n, ó kúkú ń dún," ni Abdulazeez máa ń fèsì.

"Agolo òfìfo náà ń dún," ni Olúrótìmí á dá a lóhùn.

Nígbà tí Kessling wá kéde pé kí àwọn oníbàárà àtijọ́ dá ògbólógbòó padà kí wọ́n fi gba tuntun, ta ló máa yára jù ú lọ? Ó ṣe gbogbo ètò tí òfin ní kó ṣe, ó fi àgbà tó mọ iṣẹ́ gba ọmọdé tó mọ ìpara. Tuntun náà ń dán, ó fúyẹ́ lọ́wọ́, orúkọ Kessling tí wọ́n fín sí i lára sì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi ojú àná wo òkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ.

Ọdọọdún ni wọ́n máa ń dán àwọn ọlọ́dẹ oníbọn wò. Ìbọn tí o fi ń ṣiṣẹ́ gan-an lo máa yìn níwájú olùdánwò. Bí o bá yege, wọ́n á tún ìwé àṣẹ rẹ ṣe; bí o kò bá yege, ìbọn kúrò ní ìbàdí. Susan tó ni ṣọ́ọ̀bù kò sì fi ọ̀rọ̀ bò: ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ, kó wá iṣẹ́ síbòmíràn. Ìdí nìyẹn tí Olúrótìmí àti Abdulazeez fi jọ lọ dánra wò nígbà tí ìdánwò ń súnmọ́lé.

Olúrótìmí yìn ín lẹ́ẹ̀kíní, ó dún. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, ó dún. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ṣe kẹ́, ó dákẹ́. Èèpo ọta tó yẹ kó fò jáde ló há sí i bí eegun ẹja lọ́fun. Ó yọ ọ́, ó tún yìn, ó tún há. Ó ní bóyá òun ló ṣi ọwọ́ gbé, ó bá gbé e fún Abdulazeez. Ó há mọ́ ìyẹn náà lọ́wọ́. Abdulazeez kò rẹ́rìn-ín. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn fún Olúrótìmí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pè wọ́n. Warranty ṣì wà lórí ẹ̀."

Ó pè wọ́n láti ilé rẹ̀ ní Castle Hill. Ẹ̀rọ ló gbé e. Ẹ̀rọ ní bó bá fẹ́ ra ìbọn, kó tẹ ení. Bó bá fẹ́ ra fìlà àti ṣẹ́ẹ̀tì tó ní orúkọ Kessling, kó tẹ èjì. Ó tẹ̀ síwájú títí ó fi kan ti ẹni tó ní ẹ̀sùn, tí wọ́n fi sí ìparí pátápátá bí ìgbà tí wọ́n fi àlejò tí a kò pè jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn. Wọ́n wá fi orin sí i létí. Florence ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín ẹja, ó dín in tán, ó gbé ìrẹsì kaná, orin ṣì ń lọ. Bàbá àgbàlagbà ọjọ́sí ti relé, ẹ̀rọ ni wọ́n fi jẹ oyè rẹ̀.

Nígbà tí ohùn ọmọ ènìyàn jáde níkẹyìn, inú Olúrótìmí dùn débi pé ìbínú rẹ̀ rọlẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní Nicole lòun ń jẹ́, ó ní báwo ni. Ní Amẹ́ríkà, "báwo ni" kì í ṣe ìbéèrè, ẹnu ọ̀nà lásán ni, èèyàn kàn ń gba ibẹ̀ kọjá. Àmọ́ ọmọ Yorùbá ni Olúrótìmí, wọn kì í kí i kó má dáhùn. Ó ní a dúpẹ́, ó ní iṣẹ́ ńkọ́, ó ní ṣé dáadáa ni ìyá rẹ̀ wà.

"Ọsibítù ni ìyá mi wà, sà," ni Nicole wí. "Láti ìgbà tí mo ti ń gbé fóònù yìí, kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Olúrótìmí bá a kẹ́dùn, ó gbàdúrà fún ìyá rẹ̀ dáadáa, kó tó wá kan ìbọn. Ibi àlàyé ìbọn ni ohùn ọmọ náà ti yí padà, ó wá dà bí ẹni ń ka ohun tí wọ́n kọ fún un.

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ yín ni kò le tó, sà."

Ẹ gbọ́ o! Ọwọ́ tó ru àpò sìmẹ́ǹtì n'Íbàdàn kó tó mọ ọ̀nà Amẹ́ríkà ni Kessling ní kò le tó. Ẹni tó rọ ìbọn tí kò lè pọ èèpo ọta jáde kò rí ẹ̀bi lọ́rùn ara rẹ̀, ọrùn ọwọ́ oníbàárà ló ti rí i. Olúrótìmí gbé e mì ṣáá. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. Ó bẹ ọmọ náà, ọmọ náà gbà pé kó dá ìbọn padà sọ́dọ̀ àwọn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ó ku ìbéèrè kan, sà. Láti òdo dé mẹ́wàá, máàkì mélòó lẹ máa fún Kessling lónìí?"

Florence ti gbọ́ láti ìdí sítóòfù. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú nínú ilé wọn. Ọmọ ìyá arúgbó kan ló fún un ní máàkì kékeré nígbà kan nítorí pé ọbẹ̀ kò níyọ̀, iyọ̀ tí dókítà ní kí ìyá náà má fẹnu kàn. Ilé-iṣẹ́ tó gbà á kò béèrè nǹkan kan, wọ́n gba iṣẹ́ ilé ìyá náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Oyíndà, ẹ fún un ní mẹ́wàá o. Ọmọ ọlọ́mọ ni. Score yẹn ni wọ́n fi ń lé èèyàn."

Ó fún un ní mẹ́wàá. Bí wọ́n sì ṣe kọ́ ọ láti ilé, kò lè gbé fóònù sílẹ̀ láì súre. Ó ní ilé-iṣẹ́ yín kò ní rẹ̀yìn, ẹ ó máa ga sí i, ẹ ò ní rógun àìrí tà. Ẹ̀rọ ń gbà á sílẹ̀.

Ìbọn lọ, ó pẹ́ kó tó dé, ó sì dé tòun ti àpá lára, èyí tí kò ní nígbà tó ń lọ. Irin tí èèyàn fi ń wo ọ̀kánkán lórí rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìwé kékeré kan bá a wá, ó ní àwọn yẹ̀ ẹ́ wò, kò sóhun tó ṣe é. Wọ́n wá fi fìlà tó ní orúkọ Kessling kún un. Fìlà! Olúrótìmí gbé ìbọn lọ sí ibi ìdánrawò, ó yìn ín, ó há.

Ó tún pè. Lọ́tẹ̀ yìí kò kan ènìyàn rárá. Ẹ̀rọ ní ẹjọ́ rẹ̀ ti parí nítorí pé inú oníbàárà dùn, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Oyíndà ọmọ rẹ̀, tí wọ́n bí síbí, tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì, ní kí òun bá a wo orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ tó fi pariwo.

"Daddy, ẹ wá wo this thing! Is this not you?"

Lójú ìwé Kessling níbẹ̀, lábẹ́ ẹ̀rí àwọn oníbàárà wa, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé, "Ilé-iṣẹ́ yín kò ní rẹ̀yìn, ẹ ó máa ga sí i. Rótìmí, Bronx." Àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti òyìnbó onírùngbọ̀n kan tó dé akẹtẹ̀ àgbẹ̀, tó di Kessling mú, tó ń rẹ́rìn-ín. Oyíndà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Florence náà di ẹ̀gbẹ́ mú. Olúrótìmí kò rí ẹ̀rín nínú ẹ̀. Wọ́n sọ ìwúre rẹ̀ di ọjà, wọ́n tún wá gbé e fún ẹlòmíràn wọ̀. Bí olè bá jí ẹwù ẹni, ó kéré tán kì í wọ̀ ọ́ ya fọ́tò fi han ẹni.

Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà ni Oyíndà ti rí i pé bí oníbàárà bá fẹ́ kí wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ gbé yẹ̀ wò, àfi kó kọ́kọ́ yí máàkì rẹ̀ padà.

"Ẹ má dán an wò," ni Florence wí, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀.

Olúrótìmí mọ ohun tí máàkì ń ṣe fún òṣìṣẹ́. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́ fún un, inú ilé rẹ̀ ni ó ti ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbọn sì ń há. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tó lọ jẹun ọ̀sán, ó lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí Abdulazeez pàápàá kò ti lè rí i, ó yí mẹ́wàá sí òdo. Wọ́n fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ fún àlàyé. Ó kọ ọ́ pé ìbọn yín ń há, ẹ ò tún un ṣe, iṣẹ́ mi fẹ́ bọ́. Ó fẹ́ kọ ọ́ pé ọmọbìnrin tó dá òun lóhùn kò lẹ́ṣẹ̀, àmọ́ ààyè ti tán. Ó rò ó pé kí òun pa díẹ̀ rẹ́ níwájú kí òun fi rí àyè fún ọmọ náà. Ó wo ohun tó kọ nípa ìbọn, kò rí èyí tó ṣeé pa rẹ́, ó bá fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kessling kò fèsì. Ọjọ́ ìdánwò pé. Olúrótìmí dúró bí ọkùnrin, ó di ìbọn mú débi pé iṣan ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó yìn ín, ó há. Ó yọ ọ́, ó há. Olùdánwò, ọmọkùnrin tó lè bí, wo ìbọn, ó wo orúkọ tó wà lára rẹ̀, ó ní Kessling kọ́, bàbá, ọwọ́ yín ni. Ó ní Olúrótìmí kò yege, àmọ́ ó ṣì lè padà wá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i kí oṣù tó parí.

Ìyẹn ni Olúrótìmí dì mú délé. Oṣù kò tíì parí. Bí Kessling bá lè fi òmíràn ránṣẹ́ kíákíá, òun ṣì lè yege, òun ṣì lè dúró lẹ́nu ọ̀nà Susan bí ènìyàn. Ó jókòó sídìí oúnjẹ, kò tíì fọwọ́ kàn án tí fóònù rẹ̀ fi dún lórí tábìlì, lọ́dọ̀ Florence. Ó rí orúkọ tó yọ lójú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde.

"Kessling ni! Wọ́n ti gbọ́! Ìyá Oyíndà, bá mi kà á, kà á sókè."

Florence gbé e, ó kà á.

"Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé inú yín kò dùn. Ọ̀rọ̀ oníbàárà ló ṣe pàtàkì jù sí wa. Nicole, òṣìṣẹ́ tó dá yín lóhùn, kò bá wa ṣiṣẹ́ mọ́. A dúpẹ́ pé ìṣòro yín ti yanjú. Ẹ máa gbádùn Kessling yín."

"Ìbọn ńkọ́?" ni Olúrótìmí béèrè. "Kí ni wọ́n sọ nípa ìbọn?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ìbọn." Florence kò gbé ojú kúrò lára fóònù. "Mélòó lẹ fún un?"

Olúrótìmí fa àwo oúnjẹ rẹ̀ mọ́ra.

"Bàbá Oyíndà, mo ní mélòó?"

"Òdo."

Florence gbé fóònù náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀.

"Ìbọn tẹ́ ẹ ní kì í dún yìí," ó ní, "ó ti ba ènìyàn." Ó gbé oúnjẹ tirẹ̀, ó wọ inú kíṣìnì lọ.