Afárá Tí Wọ́n Dí fún Àlejò

Bọ́ọ̀sì mẹ́rìndínlógún ló gbéra ní èbúté Semarang, ní erékùṣù Jáfà, láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn bí ìjàlọ. Ọkọ̀ ọlọ́pàá àti ọlọ́pàá alùpùpù wà níwájú, òmíràn wà lẹ́yìn, fèrè wọn ń ké kíkankíkan, ọkọ̀ yòówù tó bá wà lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ yà sínú koríko. Àwọn àlejò inú ọkọ̀ ojú omi ńlá ń lọ wo Borobudur, tẹ́ńpìlì òkúta tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ayé àtijọ́ fi sílẹ̀. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ wọn yóò ṣí, kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ngadiran ló wà nínú bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, máíkì lọ́wọ́. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń mú àlejò káàkiri, ẹ̀rín kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ rí. Lónìí náà ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Wulansih, ọmọ bíbí rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ti ń rọbí láti ìdájí ní abúlé wọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ńpìlì náà.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ìlú Magelang nígbà tí fóònù rẹ̀ gbọ̀n nínú àpò. Purnadi, ọkọ Wulansih, ló ń pè.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú pé mo dí yín lọ́wọ́."

"Kò burú. Wulan ńkọ́?"

"Ó wà, Bàbá. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni. Agbẹ̀bí ní ká kúkú máa gbé e lọ sí ọsibítù ní Magelang. A ti dé ẹsẹ̀ afárá báyìí. Wọ́n ní ká ní sùúrù, pé àwọn àlejò ń bọ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń wá díẹ̀, Bàbá."

Díẹ̀! Láàárín àwa ará Jáfà, ilé á jó kanlẹ̀, onílé á ní iná ràn díẹ̀. Ọkọ ọmọ kì í já àna rẹ̀ láyà, pàápàá nígbà tí àna bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ngadiran mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà ti sọ irú "díẹ̀" yẹn láìmọye ìgbà. Síbẹ̀ ó gba ọ̀rọ̀ náà bó ṣe gbọ́ ọ, torí pé bẹ́ẹ̀ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìyẹn gan-an ló ń bí èèyàn nínú.

Wọ́n ń tún afárá náà ṣe lọ́wọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ṣí. Ọlọ́pàá ti dá gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ lódìkejì dúró, wọn kò sì ní jẹ́ kí ìkankan kọjá àfi tí bọ́ọ̀sì kẹrìndínlógún bá lọ tán. Bí bọ́ọ̀sì Ngadiran ṣe ń gùn ún ló rí mọ́tò akẹ́rù Purnadi, òun ló wà níwájú gbogbo àwọn tí wọ́n dá dúró. Agbọ̀n kábéèjì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Wulansih nà gbalaja lórí ẹní láàárín wọn, Warsiti ìyá rẹ̀ sì na agboòrùn bò ó. Warsiti rí ọkọ rẹ̀ lójú fèrèsé. Kò juwọ́, kò pariwo, ó kàn rọra mi orí sí i.

Ngadiran gbé rédíò ọwọ́ tí wọ́n fi ń bá ọ̀gá ìrìn àjò sọ̀rọ̀. Obìnrin ni ọ̀gá náà, Hartini ni wọ́n ń pè é, inú ọkọ̀ ọlọ́pàá tó wà níwájú ló jókòó sí.

"Màmá Hartini, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ṣé kò sí?"

"Kò sí o. Ara ńkọ́? Ṣé ẹ ti jẹun?"

"A dúpẹ́. Bàbá, kí ló dé? A ti pẹ́ o. Táyà ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀sì ẹ̀yìn bẹ́, bọ́ọ̀sì mẹ́rin ló ṣì wà lẹ́yìn níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun rẹ̀: ọmọ mi ló wà lẹ́sẹ̀ afárá yẹn, ẹ jẹ́ kó kọjá. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ ọ láti ju ẹrù tirẹ̀ lé ọ̀gá lórí bẹ́ẹ̀. A kọ́kọ́ ń béèrè àlàáfíà ni, a ó béèrè oúnjẹ, a ó béèrè ọmọ, kí á tó fẹ̀sọ̀ kan ohun tó ń dun ni. Kó tó rìn dé ibẹ̀, bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti kọjá.

"Rárá o, Màmá. Mo kàn ní kí n kí yín ni."

Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé tẹ́ńpìlì, ó pín sálúbàtà koríko, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ba òkúta jẹ́, fún àwọn àlejò rẹ̀, ó sì ṣáájú wọn gòkè. Oòrùn mú hánhán. Kasmin, ẹ̀ṣọ́ òkè tẹ́ńpìlì tí wọ́n jọ dàgbà, ti gbọ́ pé Wulansih ń rọbí.

"Bàbá àgbà!" ló fi kí i. "Ewúrẹ́ ìsọmọlórúkọ dà? Ẹ má wá ra èyí tó rù o, mo mọ ọwọ́ yín!"

Ngadiran rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà kan tó dé fìlà aláwọ̀ búlúù nàka sí ọ̀kan nínú àwọn ilé òkúta tó rí bí agogo, tí ihò wà lára wọn tí ère sì jókòó sínú wọn. Ngadiran ṣàlàyé pé láyé àtijọ́, ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan ìka òrùka ère yìí, tàbí obìnrin tó bá kan gìgísẹ̀ rẹ̀, yóò rí ohun tó ń tọrọ gbà.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti tọrọ nǹkan rí?" ni ìyá àgbà bi í.

"Ẹ̀ẹ̀kan. A ti wá ọmọ fún ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà."

"O sì rí i gbà?"

"Mo rí i gbà, Ìyá."

Mùsùlùmí ni, kò sì sí ẹni tí wọ́n tún gbà láyè láti fọwọ́ kan ère mọ́. Ó wo Kasmin. Kasmin wo ojú rẹ̀ fínnífínní, ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀, ó sì yíjú sí òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ngadiran ti ọwọ́ bọ ihò náà títí dé èjìká. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Lọ́jọ́ tó fi tọrọ ọmọ, ó tó o.

Ibẹ̀ ni fóònù ti gbọ̀n. Ó fi ọwọ́ kejì gbé e.

"Bàbá." Ohùn Purnadi rọlẹ̀ jù. "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ngadiran fa ọwọ́ rẹ̀ yọ kúrò nínú ihò náà.

"Ẹ kọ́kọ́ jẹun ná, Bàbá. Ẹ má kánjú."

"Ọmọ tuntun ńkọ́?"

"Àwọn méjèèjì ló ti lọ, Bàbá."

"Nígbà wo?"

"Lẹ́sẹ̀ afárá níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì kẹtàlá ló ń kọjá lọ́wọ́."

Kasmin ní kó máa lọ sílé, pé òun á bá Hartini sọ ọ́, pé wọn á sin òkú kí oòrùn tó wọ̀. Ngadiran ní ta ni yóò mú àwọn àlejò padà. Irọ́ ló ń pa. Kò ní ojú tí yóò fi wo Warsiti ni. Ó kó wọn sọ̀ kalẹ̀, ó ka orí wọn, wọ́n pé, fèrè sì tún ké. Àwọn ọkọ̀ tún yà sínú koríko fún wọn títí dé Semarang, wọ́n sì dé kí agogo mẹ́fà tó lù.

Ní èbúté, ìyá àgbà onífìlà búlúù di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ẹ mà mọ àlejò ṣe o," ló wí. "Ọ̀nà dùn lónìí. A ò tilẹ̀ dúró níbì kankan."

Ngadiran rẹ́rìn-ín, ó tẹríba díẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Ìyá," ló ní. "Torí tiyín la ṣe dí afárá náà."