Ọbẹ̀ Ọmọ́yẹni àti Ìwé Màmá Fíọ̀

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Bí ti kọ́bọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí la máa wá sọ nípa ìwé tó kún gáréèjì tí mọ́tò méjì lè wọ̀? Ṣùgbọ́n ìtàn yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé. Inú fírísà ló ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣí i.

Fírísà ńlá kan ni, èyí tó nà gbọọrọ sílẹ̀ bíi pósí, tí wọ́n ń ṣí láti òkè. Láyíwọlá àti ìyàwó rẹ̀ Ọmọ́yẹni rà á lọ́dún tí wọ́n kó wọ ilé wọn ní Houston. Nígbà náà, kò sí ilé ọmọ Yorùbá tó ti rọ́wọ́ họrí nílùú yẹn tí kò ní irú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ewúrẹ́ tí wọ́n bá lọ pa lóko máa ń wọ̀, ibẹ̀ náà ni ọbẹ̀ máa ń sùn. Nọ́ọ̀sì ni Ọmọ́yẹni. Ọjọ́ tó bá ní ìsinmi, á se ọbẹ̀ tó lè bọ́ agboolé kan, á bù ú sínú ike áísìkiríìmù, á sì tò wọ́n léra bí ẹni to bíríkì. Àlejò tó bá lóun fẹ́ jí áísìkiríìmù lá nílé wọn, ẹ̀gúsí ló máa bá pàdé.

Ọmọ́yẹni kú ní oṣù kejì ọdún 1986. Orí ló ní ó ń fọ́ òun lówùúrọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lọ. Kò tíì pé ogójì ọdún, kò sì bímọ sílẹ̀.

Òkú ọ̀fọ̀ ni. Ní abúlé tí Láyíwọlá ti wá, bí àgbà bá kú, wọ́n á din àkàrà, gbogbo ẹnu á jẹ níbẹ̀. Bí ọ̀dọ́ bá kú, wọn kì í dáná. Àwọn ará ìjọ wá, wọ́n jókòó, wọ́n kọrin jẹ́jẹ́, wọ́n sì lọ. Ẹnikẹ́ni ò bu nǹkan kan sẹ́nu. Bí ọbẹ̀ Ọmọ́yẹni ṣe ṣẹ́kù sínú fírísà nìyẹn. Láyíwọlá kò lè jẹ ẹ́, kò sì lè dà á nù. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló wà nínú àwọn ike yẹn, lẹ́yìn wọn kò sí ohun mìíràn tí ọwọ́ náà yóò tún ṣe fún un láyé.

Kò sunkún. Àwọn èèyàn ní ọkùnrin ni. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe akin. Ara rẹ̀ ló rí bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú tipiri. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Bí wọ́n bá kí i, á dáhùn. Bí ọ̀bẹ bá gé e lọ́wọ́, ìgbà tó bá rí ẹ̀jẹ̀ ni yóò tó mọ̀.

Ibì kan ṣoṣo tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ ni ilé Màmá Fíọ̀, ilé kẹta sí tiwọn. Viorica lorúkọ ìyá náà, ọmọ ilẹ̀ Romania ni. Ọmọ́yẹni ló ní ẹnu òun ò gba gbogbo ìyẹn tó fi gé e kúrú sí Fíọ̀. Òun ló tọ́jú ọkọ ìyá náà, Bàbá Ilarie, nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Bàbá yìí sá kúrò nílé lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ìwé méjì ló sì gbé sá: ìwé àdúrà ìyá rẹ̀, àti ìwé tó fi kọ́ ábídí. Láti ìgbà náà, ibi yòówù kí ọmọ Romania kú sí ní Amẹ́ríkà, bí Bàbá bá ti gbọ́, á ránṣẹ́ sáwọn ọmọ rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ìwé bàbá yín nù." Ìwé àdúrà ni o, ìwé ewì ni o, ìwé ìdáná, ìwé ìròyìn abúlé tí ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, kò sí èyí tí kì í gbà. Ìjọba tó wà nílé wọn nígbà yẹn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí ohun tó wà ṣáájú òun. Bàbá a máa sọ pé bí oko bá jó, ẹni tó gbé irúgbìn sá ni wọ́n máa padà wá bẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. "Má jẹ́ kí wọ́n tú u ká." Kò tún sọ ohun tó nítumọ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Láyíwọlá ló kan pákó tí wọ́n to àwọn ìwé náà sí nínú gáréèjì Màmá, torí ẹnjiníà ni, Ọmọ́yẹni ló sì rán an níṣẹ́. Lẹ́yìn tí Ọmọ́yẹni kú, kò sẹ́ni tó rán an mọ́, síbẹ̀ ó ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Á wo ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù bóyá ó ń ṣiṣẹ́, nítorí bí ọ̀rinrin Houston bá wọlé, ìwé á bu bí búrẹ́dì. Á mú búrọ́ọ̀ṣì, á máa gbá eruku lẹ́yìn ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò lè ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú wọn, ìyẹn gan-an ló sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìwé tí kò gbọ́ ohun tó ń sọ kò lè máa tù ú nínú.

Nígbà tí ooru mú dé góńgó, páálí ìwé kan dé láti Cypress nítòsí Houston, ẹrù bàbá arúgbó kan tó ti kú. Màmá Fíọ̀ to àwọn ìwé náà sáàárín àwọn tó wà nílẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà, Láyíwọlá rí ìyẹ̀fun kúnnákúnná lórí pákó. Ó fi ìka kàn án. Ó mọ̀ ọ́n. Irú rẹ̀ ló máa ń wà nísàlẹ̀ àpò ẹ̀wà tó bá ti pẹ́ jù láká.

"Màmá, kòkòrò ti wọlé."

"Láti ibo? Mo tilẹ̀kùn, mo tifèrèsé!"

"Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé."

"Láyí, mo ti darúgbó. Sọ èyí tó máa yé mi."

Ó fa ìwé kan yọ, ó fi ihò tó wà lára rẹ̀ hàn án. Tínńtín ni ihò náà, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, ó sì lu láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Wọ́n pe ọkùnrin kan tó máa ń fín oògùn. Ó ní òun á fín in, kòkòrò á kú, ṣùgbọ́n òun ò lè búra fún ìwé, òun ò sì lè búra fún ẹ̀dọ̀fóró àwọn arúgbó ọmọ Romania tó ń wá kà á. Màmá ní kó máa lọ. Ó ti kà níbì kan pé òtútù ni wọ́n fi ń pa irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ níbi tí ìwé bá pọ̀ sí: wọ́n á di ìwé sínú ọ̀rá, wọ́n á gbé e sínú yìnyín fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, àti kòkòrò àti ẹyin rẹ̀ á kú fin-ín-fin-ín. Ṣùgbọ́n fíríìjì Màmá fúnra rẹ̀, adìyẹ kan péré ló lè gbà, adìyẹ náà sì gbọ́dọ̀ ká ẹsẹ̀ kò.

"Láyí, Ọmọ́yẹni sọ fún mi pé màlúù lè na ẹsẹ̀ nínú fírísà yín."

"Ó kún, Màmá."

"Kí ló kún un?"

"Ẹran."

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì lélẹ̀, ó sì lọ sílé.

Lọ́jọ́ Àìkú, Rónkẹ́, àbúrò Ọmọ́yẹni, yà bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Stafford, nítòsí Houston, ló ń gbé. Kò tíì jókòó tó ti ń pariwo nílé ìdáná.

"Bọ̀dá Láyí! Ṣé ìrẹsì tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyí? Ó ti hu irun!"

"Mo ṣì máa jẹ ẹ́."

"Ẹ máa jẹ irun?" Ó da ìrẹsì náà nù, ó ṣí fírísà, ó sì dúró tì í. "Ẹ ò tíì kó nǹkan wọ̀nyí kúrò. Bọ̀dá, ẹ dà á nù. Ẹ̀gbọ́n mi ò sí nínú yìnyín."

"Màmá Fíọ̀ fẹ́ kó ìwé sínú ẹ̀."

"Ìwé? Nínú fírísà? Ṣé wọ́n fẹ́ fi sebẹ̀ ni?"

"Kòkòrò ń jẹ ẹ́. Òtútù ló máa pa á."

Rónkẹ́ pa fírísà dé gbàgà. "Hẹn-ẹn! Èmi àbúrò rẹ̀ ní kẹ́ ẹ dà á nù, ẹ ò gbọ́. Òyìnbó ní òun fẹ́ kó bébà sí i, ẹ wá ń rò ó!"

"Mi ò tíì dá wọn lóhùn."

"Ojú yín ti dáhùn." Ó gbé báàgì rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ jẹ nǹkan lónìí o. Ẹ má jẹ́ kí n tún bá irun níbẹ̀."

Nígbà tó di Sátidé, Màmá Fíọ̀ kò gbá eruku. Orí àga ló wà, ìwé kékeré dúdú kan wà lórí itan rẹ̀. Ìwé àdúrà ìyá Bàbá Ilarie ni. Ihò mẹ́ta ti wà lára rẹ̀.

"Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n tú u ká," ni Màmá wí. "Mi ò jẹ́ kí wọ́n tú u ká. Ibi tí mo kó o jọ sí ni wọ́n ti wá ń jẹ ẹ́ tán."

Kò sunkún. Láyíwọlá mọ irú àìsunkún yẹn. Ó fa àga kan, ó jókòó.

"Màmá, kì í ṣe ẹran ló kún fírísà wa. Ọbẹ̀ Ọmọ́yẹni ni."

Ìyá arúgbó náà wò ó. "Láti ìgbà tó ti kú? Ta ló wá jẹ ẹ́ lórúkọ rẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Ọ̀dọ́ ló kú. Nílé tiwa, a kì í jẹun nítorí ọ̀dọ́ tó kú."

Màmá sàmì àgbélébùú láyà. "Nílé tiwa, ọ̀dọ́ gan-an là ń tètè bọ́. Arúgbó ti jẹ tirẹ̀ kó tó lọ. Ẹni tó lọ láìtíì yó, ebi ń pa á níbi tó wà. Ohun tí o bá fún ẹni tó wà láàyè, tó bá jẹ ẹ́ lórúkọ rẹ̀, òun ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oṣù mélòó lo ti fi ebi pa ọmọbìnrin yẹn, Láyí?"

Láyíwọlá rántí àwọn ìyá abúlé, bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ sórí òkú tí wọ́n á sọ fún un pé ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kó bá wọn jẹ. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi sin Ọmọ́yẹni. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún un.

"Sàárà," ni ó wí níkẹyìn.

"Kí nìyẹn?"

"Ohun tí ẹ sọ yẹn. Ó lórúkọ nílé wa náà. A kì í kàn ṣe é fún ọ̀dọ́ ni."

"Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ látorí Ọmọ́yẹni," ni Màmá wí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Láyíwọlá kó àwọn ike náà jáde lọ sí ilé Màmá, wọ́n sì gbé ọbẹ̀ náà kaná. Màmá ti ro ìyẹ̀fun àgbàdo lórí iná, ó yọ̀ ọ́ sórí pákó, ó le, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àwọn arúgbó díẹ̀ tó ń wá kàwé níbẹ̀ ti jókòó yí tábìlì ká. Àbẹ́là kan ń jó. Rónkẹ́ dé, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó na ọrùn wo ohun tó wà lórí pákó.

"Ta ló kọ́ òyìnbó ní túwó?"

"Jókòó," ni Láyíwọlá wí.

"Èmi ò ní í jẹ. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Mo kàn wá wò yín ni."

Màmá ní kí olúkúlùkù pe orúkọ Ọmọ́yẹni kó tó kó oúnjẹ sẹ́nu. Wọ́n pè é. Ẹnu kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe wọ́ ọ. Bàbá kan tó ní irùngbọ̀n funfun gbé òkèlè àkọ́kọ́ mì, ojú rẹ̀ pọ́n, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀ wàràwàrà. Èkejì náà tẹ̀ lé e. Rónkẹ́ wo àwọn arúgbó wọ̀nyí, àjèjì tí kò mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí, tí gbogbo wọn ń sunkún, ni òun náà bá bú sẹ́kún.

"Ata ni, ọmọ mi," ni Màmá wí, ó ń fi épíróònù nu ojú tirẹ̀. "Ata ni."

Rónkẹ́ rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún, ó sì fa abọ́ mọ́ra. A kì í sunkún ká má ríran: ó rí i pé Láyíwọlá ń jẹun, ojú rẹ̀ gbẹ.

"Bọ̀dá, ṣé ó dùn?"

Láyíwọlá rò ó. "Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀."

"Iyọ̀ ẹ̀gbọ́n mi máa ń pọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Láyíwọlá retí pé nǹkan kan á já nínú òun. Kò sí ohun tó já. Ó bu òkèlè mìíràn.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, wọ́n kó àwọn ìwé tí wọ́n ti dì sínú ọ̀rá lọ sílé Láyíwọlá. Rónkẹ́ ń gbé e lé e lọ́wọ́, Láyíwọlá ń tò ó sínú fírísà. Ó kù kí ìwé àdúrà dúdú yẹn wọlé. Wọ́n fi í lé orí àwọn yòókù, ìdérí kò dé. Rónkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ti àwọn ìdì ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì rí ike áísìkiríìmù kan ní igun ìsàlẹ̀.

"Bọ̀dá, èyí ńkọ́?"

"Fi í síbẹ̀."

"Ìdérí ò ní í dé."

"Rónkẹ́, mo ní fi í síbẹ̀."

Màmá Fíọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó sún mọ́ fírísà. Ó mú ìwé àdúrà náà kúrò lórí àwọn yòókù, ó sì gbá a mọ́ àyà. Bí ìdérí kò bá dé, òtútù á sá, gbogbo rẹ̀ á di asán. Nítorí náà, ó ti múra tán láti gbé ìwé ìyá ọkọ rẹ̀ padà sílé pẹ̀lú kòkòrò inú rẹ̀.

Láyíwọlá wò ó. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó gbé ike náà jáde. Yìnyín ti bò ó. Ó gbé e lọ́wọ́ méjèèjì.

"Gbogbo wa ti yó," ni ó wí.

"Ní ọ̀dọ̀ wa, a máa ń fún èèyàn tòun ti abọ́ rẹ̀," ni Màmá wí jẹ́jẹ́.

Láyíwọlá dúró bẹ́ẹ̀ títí kò fi mọ ibi tí ìka rẹ̀ pin sí àti ibi tí ike ti bẹ̀rẹ̀. Ó nà án sí Rónkẹ́.

"Gba tìẹ. Jẹ ẹ́ lórúkọ rẹ̀."

Rónkẹ́ fi ìborùn gbà á. "Mi ò ní í dá abọ́ padà o."

"Má dá a padà."

Láyíwọlá gba ìwé àdúrà náà lọ́wọ́ Màmá, ó fi í síbi tí ike wà tẹ́lẹ̀, ó sì pa ìdérí dé. Ó dé. Fírísà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àwọn obìnrin méjèèjì jáde síta, Láyíwọlá sì dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí ìdérí, títí àwọn ìka rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, lọ́kọ̀ọ̀kan.