Ohùn Mi Nínú Kóòṣì Kẹta

Iṣẹ́ mi ni láti fi ohùn dídùn parọ́. Wọn kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ o. Ohun tí wọ́n kọ ni pé n ó máa ka ìkéde nípa ààbò, ìtura àti ìrìnnà ọkọ̀ ojú irin sétí àwọn èrò ní àràárọ̀. Inú yàrá kékeré kan tó ní fèrèsé gíláàsì, lókè ibi tí èrò ti ń wọkọ̀, ni mo ti ń kà á, ohùn mi á sì máa jáde nínú kóòṣì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ọ̀gá tó ń kọ ohun tí mò ń kà, Kòséwu ni a ń pè é tí kò bá sí nítòsí, nítorí kò sí ohun tí ẹ máa sọ fún un tí kò ní dá yín lóhùn pé kò séwu. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kóòṣì kejì kún, ó ń ṣàn bọ̀ lábẹ́ àga. Kòséwu ní kí n kà á pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà wà ní ìsinmi ráńpẹ́. Aáyán ń yan fanda lórí àga bí ẹni tó sanwó ọkọ̀. Ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èrò fún sùúrù wọn. Mo kà á. Bí mo bá kà á tán, màá fi omi yọ ẹnu mi, nítorí ó máa ń ṣe mí bíi pé oúnjẹ tó ti kan ni mo jẹ.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kóòṣì kẹta kọjá ọ̀rọ̀ aáyán. Irin tó ń dì í mú ti kán. Bí ọkọ̀ bá ti dé ibi tí ojú irin ti ya kọ́nà, ilẹ̀kùn náà á ṣí gbayawu fúnra rẹ̀, àwọn èrò á sì máa wo òkúta tó ń sáré lọ nísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mẹkáníìkì kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò: "Kò tì. Ẹ yọ kóòṣì yìí kúrò." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Kòséwu fi ìwé náà tẹ́ abẹ́ ife tíì rẹ̀. Nígbà tó yá, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń kéde pé kóòṣì kẹta ti ní àǹfààní atẹ́gùn tútù báyìí. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Atẹ́gùn tútù.

Ẹni tí kò dúró de Kòséwu ni àbúrò ìyá mi ọkùnrin. Káfíńtà ni, òun ló tọ́ mi láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, Bàbá ni mo sì ń pè é. Ó ra okùn ọ̀rá kan. Láràárọ̀ tí a bá jọ rìn dé ibùdó, èmi á gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá mi, òun á wọ kóòṣì kẹta, á so ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́ òpó irin, á sì dúró tì í. Bí ọkọ̀ bá dúró, á tú u kí èrò lè wọlé. Bí wọ́n bá wọlé tán, á tún un so. Bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn títí dé ibùdó karùn-ún tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wọ kóòṣì mìíràn." Mo sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

"Ta ló wá máa so ó? Ìwọ tó o jókòó sínú gíláàsì bíi búrẹ́dì títà yẹn?" Á rẹ́rìn-ín. "Àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń kún inú kóòṣì yẹn, jàre. Fi mí sílẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Kòséwu wọlé tọ̀ mí wá kí ọkọ̀ tó gbéra. Lọ́fínńdà rẹ̀ ti wọlé ṣáájú rẹ̀. Ìwé méjì ló mú lọ́wọ́.

"Àwọn èrò ti ń kọ̀wé sókè pé irọ́ là ń pa," ó ní. "Wọn ò gba iléeṣẹ́ gbọ́ mọ́, àmọ́ wọ́n gba ohùn tìẹ gbọ́. Látòní lọ, wàá máa sọ pé ìwọ fúnra ẹ lo yẹ ilẹ̀kùn wò."

"Ọ̀gá, mi ò yẹ nǹkan kan wò o. Ilẹ̀kùn kóòṣì kẹta ò tì, ẹ̀yin náà mọ̀."

"Ta ló ní kó o yẹ nǹkan wò? Kà á ni mo ní kó o kà á." Ó tẹ́ ìwé kejì síwájú mi. Ìwé tí yóò sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi ni, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí mo ti ń gba owó ojúmọ́. "Bó o bá kà á tán báyìí, màá fọwọ́ sí i. Kò séwu."

Mo wo orúkọ mi lórí ìwé náà. Mo sún mọ́ makirofóònù.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èrò wa. Èmi tí ẹ ń gbọ́ ohùn mi yìí ti fọwọ́ ara mi yẹ gbogbo ilẹ̀kùn wò láàárọ̀ yìí. Gbogbo wọn ló ń tì dáadáa. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Mo rí Bàbá láti ojú fèrèsé, lẹ́nu ilẹ̀kùn kóòṣì kẹta. Ó gbé orí sókè, ó ń fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tú okùn rẹ̀. Ó ká a jọ, ó fi í sínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sókè sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti bá a yanjú ọ̀ràn.

Iná pupa makirofóònù ṣì ń tàn. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ: Bàbá, ẹ so ó padà. Kòséwu ń fọwọ́ síwèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mò ń gbọ́ bí bírò rẹ̀ ṣe ń ha bébà. Mo panu mọ́ títí ọkọ̀ fi gbéra. Mo ti kórìíra Kòséwu tipẹ́, ṣùgbọ́n ìríra ara mi lọ́jọ́ yẹn, n kò rí irú rẹ̀ rí.

Ní kọ́nà, ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọbìnrin kan tó gbé báàgì ìwé kọ́rùn ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ síta. Bàbá fà á padà sínú, òun fúnra rẹ̀ ló wá já bọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá a ní ọsibítù, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì nínú bàǹdéèjì líle. Kòséwu ti débẹ̀ ṣáájú mi, tòun ti àpò ọsàn àti ìwé kan. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé èrò náà kò dúró bó ṣe yẹ kó dúró. Ó ti ṣí páàdì yíǹkì sílẹ̀ fún Bàbá láti tẹ̀ka.

"Òótọ́ lẹ kọ, ọ̀gá," ni Bàbá wí. "Èmi ni mi ò dúró dáadáa. Kí lẹ̀bi ilẹ̀kùn? Ọmọ mi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí ló fọwọ́ ara ẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò." Ó yíjú sí àwọn aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yòókù. "Ohùn ẹ̀ lẹ máa ń gbọ́ nínú rélùwéè. Òun nìyẹn. Kò lè sọ ohun tí kò bá rí."

Kòséwu rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Èébì gbé mi lójijì, mo fa báàfù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde, mo sì bì sínú rẹ̀ lójú gbogbo wọn.

"Bàbá, irọ́ ni mo pa." Mo ṣì kúnlẹ̀ ti báàfù. "Mi ò dé ìdí ilẹ̀kùn kankan. Mo mọ̀ pé kò tì. Mo rí yín tẹ́ ẹ tú okùn, mi ò sì sọ̀rọ̀. Torí ìwé iṣẹ́ ni."

Kòséwu ní ara mi kò yá, pé kí ẹnì kan bá wọn pe nọ́ọ̀sì. Bàbá wò mí. Mo ń retí kó bú mi. Ì bá bú mi, ì bá fi ìka tó ti fi sínú yíǹkì nù mí lójú.

"Ṣé kóòṣì yẹn jáde láàárọ̀ yìí?" ó bi mí.

"Ó jáde, Bàbá."

"Ta ló so ilẹ̀kùn?"

Bàbá fi ọwọ́ òsì ká aṣọ kúrò lára, ó sọ ẹsẹ̀ ọ̀tún tí kò fara pa kalẹ̀, ó sì ń wá òpó bẹ́ẹ̀dì tó máa dì mú.

"Bá mi mú bàtà mi," ó ní. "Ọkọ̀ ọ̀sán làwọn ọmọ ilé ìwé máa wọ̀ lọ sílé."