Èéfín Tí A Kì Í Wò

…kò yẹ kó pọ̀ tó báyìí. Iná títún-ayé-ṣe kì í rú tó báyìí. Igi gbígbẹ díẹ̀ ni, iná kékeré tí ẹnì kan ṣoṣo dá lórí òkè, èéfín rẹ̀ tín-ín-rín bí okùn àwọ̀n. Bàbá wa àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀, nítorí àwọn fúnra wọn ti dá a rí. Àwa yòókù… àwa kò mọ̀. A kì í wò ó.

Orí nílẹ̀, Zelma. Aṣọ bo orí. Gbogbo wa la jókòó sábẹ́ àtíbàbà ewé wílò yìí, bí ogójì ènìyàn, ojú wa sí iyanrìn, etí wa sí odò. Ẹni tó bá wo èéfín yìí, ibi yóò máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn títí ọdún yóò fi yí po. Àwa Karuk, tí a ni etí odò yìí kí aláwọ̀ funfun tó dé, kì í jiyàn lórí èyí. Èmi gan-an ni mo ń kọ́ àwọn ọmọdé. Mo ti na ìka sí wọn nímú: "Ẹ ò gbọdọ̀ wò o! Ẹ máa rò pé ojú yín ló máa fọ́. Ó tì o, ayé yín ni."

Kì í ṣe igi nìkan ló ń jó. Koríko wà nínú òórùn yìí. Ewé páìnì tútù wà níbẹ̀. Tàbí imú mi ni… Imú ẹni tó jẹ̀bi a máa gbọ́ òórùn tí kò sí.

Opal tó jókòó tì mí ti kọ́kọ́ fi èéfín náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹnu sí mi létí, ó ní, "Zelma, ṣé Lowell ń yan àgbọ̀nrín lókè ni?" Àwọn tó wà lẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín sínú aṣọ. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

Lowell. Ọmọ àbúrò mi obìnrin. Ọjọ́ mẹ́wàá ló ti fi gbààwẹ̀, ọbẹ̀ èso óákù ṣíṣàn díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kò bá ẹnikẹ́ni tayò, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ asán. Ní òwúrọ̀ yìí ó gun òkè lọ dá iná. Òun nìkan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó ń lọ, mo rí i. Ẹnu rẹ̀ ni yóò fi ka ọ̀rọ̀ tí àwọn Ikxaréeyav kà, àwọn tó wà lórí ilẹ̀ yìí kí ènìyàn tó dé, kí ilẹ̀ lè dúró fún ọdún kan sí i, kí ẹja lè gòkè odò, kí àìsàn má wọlé.

Lẹ́nu ta ni ó ti kọ́ ọ? Lẹ́nu mi. Ọdún méjì gbáko nídìí tábìlì ilé ìdáná mi. Mo kà, ó kà. Mo ní, "Tún un sọ." Ó tún un sọ. Mo ní, "O ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé. Sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀."

Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀. Àfi…

Àfi ibì kan. Ibi tí Ikxaréeyav àkọ́kọ́ ti bá iná sọ̀rọ̀. Ó sọ fún iná ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá. Mo mọ̀ pé ó sọ ọ́. Ohun tó sọ gan-an ni n kò mọ̀.

Mo fi ọ̀rọ̀ ara mi dí i. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo jókòó, mo rò ó, mo hun ún pọ̀, ó dọ́gba, ó dùn létí. Ọ̀rọ̀ Karuk tó mọ́ ni, kò sí àbùkù lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún tó kọjá ni wọ́n bí i. Lowell sì gbé e sẹ́nu, ó ní, "Àǹtí, ibí yìí ló dùn jù nínú gbogbo rẹ̀." Ó tún ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa àgbà náà ṣe ń sọ ọ́?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

Tí kì í bá ṣe pé mo sọ bẹ́ẹ̀… Tí mo bá sọ pé, ọmọ mi, ihò wà níbí, kọjá lórí rẹ̀… Iná kò ní bínú sí òtítọ́. Ṣùgbọ́n Lowell ń wò mí bí ẹni ń wo òkè. Mo sì fẹ́ràn bó ṣe ń wò mí.

Nǹkan kan bọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Funfun. Fẹ́lẹ́. Ó fọ́ bí mo ṣe fọwọ́ kàn án.

Eérú.

Afẹ́fẹ́ ti yí. Ó ti ń fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ọmọ kan ń wúkọ́, ìyá rẹ̀ ń fa aṣọ rẹ̀ bò ó. Kí ẹnì kan wòkè. Ẹnì kan ṣoṣo. Kì í ṣe èmi. Èmi kọ́ tí mo ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi sọ pé kí a má wò. Bí àlejò kan bá wà níbí, kò sí èèwọ̀ fún un. Kò sí àlejò kankan. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n má pe àlejò lọ́dún yìí.

Ẹnì kan wà tó mọ ọ̀rọ̀ náà. Mi ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Kò tíì pé ọdún tí ilẹ̀ gbà á, a kì í sì í dárúkọ òkú kó tó pé ọdún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ọdún kan náà ni wọ́n bí wa, ó ń gbé lódìkejì odò. Lójú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní èdè wa ló ti bá mi wí lọ́jọ́ kan: "Zelma, ìyẹn kọ́ ni àwọn ìyá wa ń sọ." Òótọ́ ló sọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni n kò fi kí i. Nígbà tí ara rẹ̀ kò yá, ó rán Opal sí mi: "Sọ fún Zelma kó wá. Kó má wulẹ̀ gbé oúnjẹ wá, kó ṣáà gbé etí wá."

Kí ni mo fi ránṣẹ́ padà? "Sọ fún un pé etí mi ti kún."

Opal mi orí. "Agídí ẹ̀yin méjèèjì á gbẹ odò yìí lọ́jọ́ kan." Yìnyín bọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. A sin ín nínú yìnyín.

Mo máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ilé-ìwé àwọn aláwọ̀ funfun ló já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi. Wọ́n káàánú mi. Ó sì ṣẹlẹ̀, wọ́n fi ọṣẹ fọ ahọ́n mi, mo ṣì mọ adùn ọṣẹ náà. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé kọ́ ló ní kí n má sọdá afárá.

Èéfín ti wọ abẹ́ àtíbàbà. Ojú mi ń ṣomi. Kì í ṣe ẹkún, èéfín ni… Kò lè jẹ́ iná Lowell. Kò gbọdọ̀ jẹ́ iná Lowell. Kó jẹ́ mànàmáná alẹ́ àná. Kó jẹ́ sìgá tí awakọ̀ kan jù sójú títì. Iná tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mi rí, iná tí kò ní bá mi rojọ́. Kó wá láti òkè odò níbẹ̀ yẹn. Kí ló wà níbẹ̀? Ilé mẹ́ta mẹ́rin. Ilé ọmọ Opal tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kan òrùlé rẹ̀, lẹ́yìn tí iná jó o lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé, gbogbo wọn ló wà níbí. Pákó lásán ni. Wọ́n á tún un kọ́. Wọ́n kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan…

Ọwọ́ Opal ń wá ọwọ́ mi lábẹ́ aṣọ. Ó rí i. Ó dì í mú ṣinṣin. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Ó ń sọ nǹkan kan wúyẹ́wúyẹ́, mo gbọ́ orúkọ Lowell nínú rẹ̀. Àdúrà ló ń gbà fún un.

Èmi kò tíì gbàdúrà fún un. Láti ìgbà tí èéfín yìí ti bẹ̀rẹ̀… rárá. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, rárá. Ọmọ mi wà lókè, iná lè ti yí i ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní agbára. Kí ni mo ti ń ṣe láti àárọ̀? Mo rò pé nítorí ayé ni ẹ̀rù ṣe ń bà mí.

Ilé ni mo ń yàn. Mo dorí kodò bí olùfọkànsìn láàárín àwọn ènìyàn mi, mo ń yan ilé tí yóò jó kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ irọ́ mi. Mo sì ti yan ti ọmọ obìnrin tó di ọwọ́ mi mú yìí.