Okùn Ìlẹ̀kẹ̀ Àdúrà fún Láníyì

Ó tún fọ́. Ẹ̀kẹfà rèé láti àárọ̀. Òkúta pupa tó dára, ó là sí méjì bí mo ṣe ń ti irin bọ̀ ọ́ nínú. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ìdílé wa ní Ìlọrin kì í lu ihò ìlẹ̀kẹ̀ já láti ojú kan. À á lù ú dé àárín, à á yí i padà, à á tún lù ú láti òdìkejì títí ihò méjèèjì á fi pàdé. Ọwọ́ mi kò fẹ́ yí nǹkan kan padà lónìí. Ó fẹ́ gún nǹkan já ni.

Ọ̀fun Láníyì ló fẹ́ gún já.

Mo ti sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Gàníyátù àbúrò mi wà nínú yàrá lẹ́yìn mi, ó fi báńdéèjì wé orí, ó sùn. Bí kò bá tilẹ̀ sùn, kí ló fẹ́ gbọ́... Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, ètè mi ló ń wò.

Láníyì ń bọ̀ wá gba ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ní Alásárì. Ọkọ rẹ̀. Káfíńtà tó ń kan igi ilé ìjọba, tó ń gbé ní Kado, tó mú pákó ní ọjọ́ Ẹtì tó lọ lọ́hùn-ún, tó fi lu ọmọ ìyá mi títí pákó fi dá, nítorí pé ọbẹ̀ jóná. Òun náà ni Fáda ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní kí n ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà fún. "Ọmọ ìjọ mi kan tó mọ àdúrà í gbà." Orí àpótí yìí ni Fáda jókòó sí tó ń sọ ọ́, ìwé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lórí orúnkún. Àwòrán òyìnbó ayé àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi okùn ìlẹ̀kẹ̀ gbọọrọ há ìgbànú, kò yípo bíi tàwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì òde òní. Òrùka lókè, wajawaja òwú nísàlẹ̀. Kékeré mẹ́wàá, ńlá kan, kékeré mẹ́wàá, ńlá kan, títí kéékèèké á fi pé àádọ́ta. "Bíi ti ìgbà láéláé gan-an ni mo fẹ́ ẹ, Jàbárù." Mo ní kò burú. Mo ti gbà tán kó tó dárúkọ ẹni tó ni ín. Ẹnu wo ni n bá fi sọ pé, Fáda, ẹni tó mọ àdúrà í gbà yẹn...

Ó mọ àdúrà í gbà. Ó mọ ọ́n dáadáa.

Ṣítù aládùúgbò mi wá lánàá. "Kai, Jàbárù, fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Ó rọrùn fún un, kò ní àbúrò. Wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Èmi ti fi í sùn fún ọjọ́ mẹ́jọ.

Tó bá dé, yóò dọ̀bálẹ̀. Ó mọ ìdọ̀bálẹ̀ í ṣe, àyà rẹ̀ á kan ilẹ̀. Ibẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ á wà níwájú mi gbayawu. Irin yìí gùn ju ìka mi lọ, mo pọ́n ọn láàárọ̀. Kí n kan gbé e síbẹ̀, kí n fi òòlù gbá a. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó fẹ́ pariwo, kò ní lè pariwo... Mo ti rí i tó ìgbà mẹ́wàá láti òwúrọ̀. Ẹ̀jẹ̀ nínú erùpẹ̀ Karmo níwájú ilé mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń já ilẹ̀. Ó sì ń dùn mọ́ mi. Ọlọ́run gbọ́, ó ń dùn mọ́ mi.

Ó tó. Mi ò lu òkúta kankan mọ́. Àwọn kéékèèké ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tẹ̀sùbáà tí àwa Mùsùlùmí fi ń gbàdúrà ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe kí Fáda tó dé, àwọn ńlá tí kò fọ́ á tó. Okùn dà? Kí n sín in, kó wá bá a níbí.

Ìlẹ̀kẹ̀ kan, èpè kan. Kí ọwọ́ rẹ̀ rọ. Kí ojú rẹ̀ fọ́. Kí ilé tó ń kàn wó lù ú, kí wọ́n wá a lábẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí oúnjẹ máa korò lẹ́nu rẹ̀. Kí ó... kí ó... ẹnu mi ń lọ, ọwọ́ mi ń lọ, kan, òmíràn, òmíràn. Ó yá báyìí. Ńlá. Ó dúró dáadáa.

Dúró ná.

Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo tún kà á — mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kí n tó fi ńlá sí i. Mẹ́wàá ni Fáda wí, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ti tẹ̀sùbáà. Tẹ̀sùbáà ni mo sín fún Kìrìsìtẹ́nì! Ọgbọ̀n ọdún ni ọwọ́ yìí ti ń sín in, kò tilẹ̀ bi mí léèrè. Ẹnu mi náà ńkọ́? Kì í ṣe èpè ló wà lẹ́nu mi mọ́. Láti ìgbà wo? Àsìtàgàfírùlàhì. Àsìtàgàfírùlàhì. Olúwa, dárí jì mí. Jì mí. Kí ni mo ṣe? Èmi tí mo jókòó sílé mi, tí wọ́n gbé ọmọ ìyá mi wá bá nínú ẹ̀jẹ̀, kí ni èmi ṣe...

Kí ni nọ́ọ̀sì yẹn sọ ní ọsibítù? "Oga, na dis right ear be di new one. Di left one don tey. E fit reach two years." Mo ní irọ́ ni. Mo bú u. Mo ní kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọdún méjì sẹ́yìn. Ọ̀sán gangan, Gàníyátù gbé ẹrù rẹ̀ lórí, ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Kado. Àwọn oníbàárà mi jókòó. "Bùọ̀dá, mi ò padà síbẹ̀ mọ́." Lójú wọn. Ojú tì mí. Mo ní ilé ọkọ ni ilé obìnrin. "Ẹ jẹ́ n sùn síbí lónìí péré, Bùọ̀dá." Mo dìde... Ọwọ́ mi tó ń gbé òòlù láti kékeré ló bà á. Ó yí bìrí, ó di etí òsì mú, kò sunkún. Ó gbé ẹrù rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fà á lọ́wọ́ padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, Láníyì sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bá mi kọ́ ọ."

Láti ọjọ́ náà ló ti máa ń yí ẹ̀gbẹ́ sí mi bí mo bá ń sọ̀rọ̀. Mo rò pé ìgbéraga ni.

Alùpùpù dúró níta. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n." Òun ni. Ó ti dọ̀bálẹ̀, ọrùn rẹ̀ nìyí, irin nìyí lọ́wọ́ mi. Etí kan ni tirẹ̀. Bí mo bá pa á nítorí ọ̀kan, ta ni yóò pa mí nítorí èkejì...

Ilẹ̀kùn dún. Gàníyátù ti jí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ọkọ rẹ̀ ni yóò wò. Kò wò ó. Ọwọ́ mi ló ń wò, àti irin tó wà nínú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ wọnú yàrá, ó sì ti fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí òsì.